Bí Ẹ Ṣe Lè Fa Onísíkì Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ojú Omi Láìfi Ẹ̀mí Ẹnikẹ́ni Wewu

Síkì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa fi okùn fà á lórí omi; ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni onísíkì. Okùn síkì tó wọ́pọ̀ jù gùn tó mítà 23. Ọkọ̀ tó bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 14 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá yíjú padà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré láti wo ẹni tó ń fà, ọkọ̀ ti rin mítà 28 láìsí ẹni tó ń wo iwájú. Bí ìtì igi tó léfòó tàbí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ bá wà láàárín mítà 28 yẹn ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Ẹni tó wà lórí síkì náà kò ní.

Orí ìṣirò kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ òfin fífa onísíkì dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun kan tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu: ìgbà tí ọkọ̀ ń sáré kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìgbà tí onísíkì ti ṣubú ni, tó ń léfòó jẹ́ẹ́, tí ọkọ̀ ń yọ́ bọ̀ wá gbé e, tí gbogbo èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ni pròpẹ́là, ìyẹn abẹ tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ síwájú, àti ẹsẹ̀ èèyàn máa ń súnmọ́ ara wọn jù lọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa pẹ́ nídìí apá yẹn ju àwọn yòókù lọ.

Ẹni mẹ́ta ni, kì í ṣe ẹni méjì

Ó kéré tán, iṣẹ́ yìí gba ẹni mẹ́ta: awakọ̀, onísíkì, àti olùwẹ̀yìn. Olùwẹ̀yìn ni ẹni tó kọjú sẹ́yìn ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń wo onísíkì, tó sì ń sọ ohun tó bá rí fún awakọ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó fẹ́ máa ya fọ́tò kọ́ ni olùwẹ̀yìn, ẹni tó ń tẹ fóònù kọ́ náà ni.

Òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, olùwẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 12. Ní New South Wales ní Ọsirélíà, ó sábà gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 16. Àwọn ibì kan gbà kí awakọ̀ lo dígí ńlá tó ń fi ẹ̀yìn hàn dípò èèyàn. Ẹ wádìí èyí tó kan ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣeré. Ní tèmi o, dígí kì í ṣe èèyàn. Dígí lè fi hàn pé onísíkì ti ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè pariwo bí ọkàn awakọ̀ bá wà níbòmíràn, kò lè gbé àsíá sókè, kò sì lè na ọwọ́ sí ẹni tó ti dákú. Ní ti ọmọdé, bí òfin bá tilẹ̀ gbà á láyè, àgbàlagbà ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Kí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má fẹnu kan ọtí títí eré yóò fi parí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ti onísíkì ni wọ́n máa ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ọtí wà lójú rẹ̀ kì í tètè mọ ìgbà tó yẹ kí ó jọ̀wọ́ okùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀wù amúniléfòó ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ìyẹn láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Irú èyí tí fóòmù wà nínú rẹ̀ ni kí onísíkì wọ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kan omi ni afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀ kò dára fún eré yìí, torí bí èèyàn ṣe ń fi agbára balẹ̀ sórí omi lè bà á jẹ́ tàbí kí ó mú un fẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Bí onísíkì bá ti de gbogbo ìgbànú rẹ̀ tán, kí ẹlòmíràn di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ó fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù, ẹ wá òmíràn. Bí ẹnì kan bá ní òun mọ ìwẹ̀ dáadáa, ẹ ṣáà wọ̀ ọ́ fún un: ẹni tó forí lu pákó síkì rẹ̀ tó dákú kò lè rántí bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Bí èèyàn bá fi ìdí balẹ̀ sórí omi pẹ̀lú eré líle, omi lè fi agbára wọ ara láti ìsàlẹ̀, kí ó sì ṣe inú léṣe, pàápàá fún obìnrin. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè dá a dúró. Ṣòkòtò róbà tó nípọn tó sì fún mọ́ra, irú èyí tí àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi máa ń wọ̀, ni kí ẹ lò.

Ó kan okùn. Ẹ fọwọ́ tọ gbogbo gígùn rẹ̀ láti ìdí dé ibi ìdìmú. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ń tú fọ́nrán, tàbí tí oòrùn ti jẹ títí tó fi gan, ẹ jù ú nù. Okùn tó já, ẹ má ta á ní kókó kí ẹ tún fi fa èèyàn, torí kókó máa ń dín agbára okùn kù. Kí ó jẹ́ irú èyí tó ń léfòó, kí ó má bàa rì lọ lọ́ mọ́ pròpẹ́là. Okùn tó ń nà bíi róbà ńkọ́? Ẹ má dán an wò rárá. Bí irú rẹ̀ bá nà tó sì já, yóò padà wá sínú ọkọ̀ bíi pàṣán.

Okùn síkì kì í sì í ṣe okùn tíúbù. Bí ẹ bá máa fa tíúbù, ìyẹn róbà ńlá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti gùn, okùn tíúbù ẹni kan gbọ́dọ̀ lè gba ìfà pọ́n-ùn 1,500 kí ó tó já, nǹkan bíi kìlógíráàmù 680. Ti ẹni méjì gbọ́dọ̀ tó pọ́n-ùn 2,375, nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,080. Gígùn rẹ̀ máa ń wà láàárín mítà 15 sí mítà 20.

Ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún fífà nìkan ni kí ẹ so okùn mọ́, yálà òpó àárín ọkọ̀ tàbí ìkọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀. Àga, àkàbà àti irin ìgbáralé kò lè gbà á. Àwọn ọkọ̀ kan ní òpó gíga lókè fún àwọn tó ń gun pákó kan ṣoṣo, ẹ má so tíúbù mọ́ ọn. Bí imú tíúbù bá rì wọnú ìgbì, ìfà rẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé ó lè wó òpó yẹn, tàbí kí ó gbé ọkọ̀ dojú dé.

Kí awakọ̀ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí ó bá já sómi. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ó ti di òfin fún awakọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26 ní gígùn pé kí ó lò ó nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, bí ọkọ̀ náà bá ti ní in. Bí òfin tiyín kò bá tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lò ó. Ọkọ̀ tó ju awakọ̀ rẹ̀ sómi kì í sábà lọ tààrà. Ńṣe ló máa ń yí bírí, tí yóò sì padà wá bá àwọn tó wà nínú omi.

Ibi tí ẹ ó ti ṣeré

Ẹ wá ibi tí omi ti jìn ju èjìká àgbàlagbà lọ, mítà 1.5 sí 1.8 ó kéré tán, ní gbogbo ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Kí ó ku mítà 30 ní ọwọ́ ọ̀tún àti mítà 30 ní ọwọ́ òsì láàárín ọkọ̀ àti ohunkóhun tó lè ṣeni léṣe. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ẹ nílò ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 60, torí onísíkì kì í tẹ̀ lé ọkọ̀ bí ọ̀já. Ó lè yà jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì.

Kí ẹ tó ju ẹnikẹ́ni sómi, ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tẹ́ ẹ mọ̀ bí ẹní mowó lánàá lè ní ìtì igi tuntun nínú lónìí. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, eré ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, àní bí ó jìnnà, ẹ jáde nínú omi, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ààrá tó dún kẹ́yìn.

Èdè ọwọ́

Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ohùn dé ọkọ̀. Kí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lórí ilẹ̀, kí wọ́n fi àwọn àmì wọ̀nyí han ara wọn títí tí kò fi ní sí iyèméjì:

- Àtàǹpàkò sókè: ẹ fi kún eré.
- Àtàǹpàkò sísàlẹ̀: ẹ dín eré kù.
- Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e kanra bí òrùka: eré yìí dára, ẹ fi bẹ́ẹ̀.
- Ìka kan sókè tó ń yípo: ẹ jẹ́ ká yí padà.
- Fífi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ara ẹni: ẹ gbé mi padà sétí omi.
- Fífi ọwọ́ ré ọ̀fun kọjá: ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.
- Fífi ọwọ́ méjèèjì pàdé lókè orí lẹ́yìn ìṣubú: kò sí nǹkan kan, ara mi le.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí olùwẹ̀yìn kò bá rí i lẹ́yìn ìṣubú, kí ó gbà pé ẹni náà ti farapa, kí ó sì sọ fún awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó máa ronú pé bóyá ó kàn gbàgbé ni.

Gbígbéra

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí onísíkì bá ń wọ omi. Bí ó bá ti jìnnà sí ọkọ̀, kí olùwẹ̀yìn máa tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ má ṣe fi ẹsẹ̀ sáàárín okùn tó ká jọ nílẹ̀. Okùn tó bá fà le lójijì lè fún ẹsẹ̀ tàbí ìka, kí ó sì gé e já kí awakọ̀ tó mọ̀. Ìdí kan náà ni onísíkì kò fi gbọdọ̀ wé okùn mọ́ ọwọ́, kò gbọdọ̀ ki apá, ẹsẹ̀ tàbí orí bọ inú ìdìmú. Igi ìdìmú nìkan ni kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ dì mú.

Kí onísíkì ká eékún mọ́ àyà bí ẹni tó lóṣòó, kí ó na apá méjèèjì tààrà, kí okùn wà láàárín pákó méjèèjì, kí imú àwọn pákó náà sì yọ lókè omi. Ọ̀rọ̀ imú pákó yìí ni Ralph Samuelson fi ìyà kọ́. Lọ́dún 1922, ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó ń gbìyànjú láti dúró lórí pákó méjì lẹ́yìn ọkọ̀ ní adágún Pepin, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Ben arákùnrin rẹ̀ ló sì ń wa ọkọ̀. Ó ṣubú, ó tún ṣubú, fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, tó gbé imú pákó yọ sókè omi kí ọkọ̀ tó fà á, ló tó dìde dúró. Títí di òní, ẹni tó bá ti gbé imú pákó wọ abẹ́ omi yóò dojú bolẹ̀ ni.

Kí awakọ̀ ki ọkọ̀ bọ gíà, kí ó rọra lọ títí okùn yóò fi le tán. Ó wo iwájú, ó ní iwájú mọ́. Olùwẹ̀yìn wo ẹ̀yìn, ó ní okùn ti le. Onísíkì nìkan ló ní àṣẹ láti sọ pé ó tó àkókò. "Ó yá!" dára fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má fi "ó tì" ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ pé òun kò tíì múra tán, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún, etí awakọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín "ó tì" àti "ó yá". "Dúró!" ni kí ó máa pariwo.

Bí awakọ̀ bá gbọ́ "ó yá", kí ó fún ẹ́ńjìnnì níná láìdáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kí ó má tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní ń le koko: ọ̀pọ̀ èjìká tó yẹ̀ nínú eré yìí, ọwọ́ awakọ̀ ló ti wá. Onísíkì kò sì gbọdọ̀ fi apá fa ara rẹ̀ dìde. Kí ó jókòó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni yóò gbé e. Bí ó bá ti ń mu omi tí kò sì dìde, kí ó jọ̀wọ́ okùn. Mo mọ̀ pé agídí máa ń mú èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba ife-ẹ̀yẹ torí pé wọ́n wọ́ ọ lábẹ́ omi.

Eré tó tó, àti bí ẹ ṣe máa yí

Ọmọdé tó ń kọ́ ọ lè lọ ní kìlómítà 21 sí 29 ní wákàtí kan. Àgbàlagbà lórí pákó méjì, 32 sí 42. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tó ń lo pákó kan ṣoṣo lè gba 45 sókè. Nínú ìdíje slalom pàápàá, níbi tí onísíkì ti ń yí bọ́ọ̀lù tó léfòó ká, èyí tó ga jù jẹ́ 58 fún ọkùnrin àti 55 fún obìnrin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí onísíkì fúnra rẹ̀ fi àtàǹpàkò béèrè fún èyí tó kù.

Ẹ máa lọ tààrà, kí ẹ fi ìyípo fífẹ̀ padà sí ọ̀nà tí ẹ gbà wá. Ẹ rántí pé bí ọkọ̀ bá ń yí sí òsì, onísíkì tó wà lápá ọ̀tún ń sáré ju ọkọ̀ lọ, torí òbìrìkítí tó ń yí tóbi ju ti ọkọ̀ lọ. Ẹni tó wà lápá inú ni eré rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì ń dẹ̀, tó lè máa rì.

Lórí tíúbù, èyí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onísíkì ní ẹsẹ̀ tó lè fi darí. Ẹni tó wà lórí tíúbù kò ní nǹkan kan. Ibi tí okùn bá jù ú sí ló ń lọ, ìyẹn ni pé awakọ̀ ló ń wa ọkọ̀ àti tíúbù pọ̀. Bí ẹ bá yí kíákíá nítorí kí àwọn ọmọ lè hó yèè, tíúbù yóò fò lọ sápá òde bí òkò kànnàkànnà, bóyá sí etí omi, bóyá sára òpó èbúté. Ẹ má kó ju iye èèyàn tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lé e lórí, ẹ má sì kó ọmọdé pọ̀ mọ́ àgbàlagbà, torí orí méjì tó forí gbárí lókè omi, ti ọmọdé ló ń fọ́.

Bí awakọ̀ bá rí ọkọ̀ mìíràn níwájú, kí ó tètè yà tàbí kí ó dín eré kù. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń fa èèyàn. Bí ẹ bá wà ní mítà 100 lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 50, tí onísíkì rẹ̀ sì ṣubú, ìṣẹ́jú àáyá méje péré ló kù kí ẹ tó dé orí rẹ̀.

Bí onísíkì bá ṣubú

Ó kan ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùwẹ̀yìn pariwo "Ó ti ṣubú!", ó sì gbé àsíá sókè lójú ẹsẹ̀. Àsíá pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn ni. California béèrè pé kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó íǹṣì 12. Àsíá yìí ń sọ fún àwọn ọkọ̀ yòókù pé èèyàn wà nínú omi nítòsí. Kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ títí ẹni náà yóò fi wọ ọkọ̀ tàbí tí yóò tún gbéra. Onísíkì pẹ̀lú, lẹ́yìn tó bá ti fi ọwọ́ méjèèjì pàdé lókè orí, kí ó gbé pákó kan nàró sókè omi. Orí èèyàn nìkan ṣòro láti rí láàárín ìgbì. Pákó tó nàró kò ṣòro.

Awakọ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹ́rí bírí pẹ̀lú iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dà bíi pé ìyẹn ló yá jù. Ṣùgbọ́n ìgbì tí irú ìyípo bẹ́ẹ̀ ń dá yóò padà wá bo onísíkì mọ́lẹ̀, ó lè ju ẹni tó jókòó sétí ọkọ̀ sómi, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní mọ ibi tí ẹ dorí kọ. Kí ó kọ́kọ́ dín iná kù, kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó wá rọra yí padà.

Kí ó máa bọ̀ ní eré tó kéré jù tí ọkọ̀ lè lọ, kí onísíkì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ jókòó sí nígbà gbogbo. Bí ó bá wà lódìkejì, imú ọkọ̀ yóò bò ó lójú awakọ̀ ní mítà mélòó kan tó kẹ́yìn, níbi tí ojú ti wúlò jù. Kí ọkọ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí awakọ̀ lè kápá rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa tì í gun orí ẹni tó wà nínú omi. Ẹ má fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ lọ bá èèyàn láé. Ẹ̀yìn ni pròpẹ́là wà.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Bí onísíkì bá tún fẹ́ lọ, ẹ rọra yí i po láti ọ̀nà jíjìn; okùn tó ń wọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ yóò yí wá sí ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ìdí tí ọkọ̀ fi ní láti súnmọ́ ọn rárá.

Bí ó bá fẹ́ wọlé, ẹ dúró ní mítà mélòó kan sí i, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní kí ẹ fi gíà sí fírì o, mo ní kí ẹ pa á, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lórí fírì, pròpẹ́là àwọn ẹ́ńjìnnì kan ṣì máa ń yí díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eékún ọmọ kan tó ń kọjá lè ta ọ̀pá gíà síwájú tàbí sẹ́yìn. Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì àwọn ti gbó, pé bí àwọn bá pa á, kì í tètè tan mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣeé pa kò ṣeé fi fa èèyàn.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ ni kí onísíkì lúwẹ̀ẹ́ wá. Kí ó kọ́kọ́ na àwọn pákó rẹ̀ sí olùwẹ̀yìn, kí ó wá fi àkàbà gòkè. Kí olùwẹ̀yìn fa okùn wọlé tán, kí ó ka orí gbogbo èèyàn, kí ó tó sọ fún awakọ̀ pé ó lè tan án padà. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ tan án kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, bí ó bá tilẹ̀ dá a lójú pé gbogbo èèyàn ti wọlé.

Ewu mìíràn tún wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ojú kò lè rí. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì carbon monoxide nínú, gáàsì kan náà tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá. Kò láwọ̀, kò ní òórùn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí pèpéle ẹ̀yìn ọkọ̀, tàbí kí ó dì í mú máa wọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Kí ẹni tí ẹ ń fà jìnnà tó mítà 6 sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ó kéré tán. Ẹni tí orí bá ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tí oorun òjijì sì ń kùn, ẹ má sọ pé oòrùn ló mú un. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ mímọ́ wà.

Dídá a padà sétí omi

Ẹ má wa ọkọ̀ dojú kọ èbúté tàbí etí omi tààrà pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ etí omi kọjá, kí mítà 30 wà láàárín ẹ̀yin àti ilẹ̀. Onísíkì yóò jọ̀wọ́ okùn, yóò yọ̀ lọ díẹ̀ títí yóò fi rì jókòó sínú omi. Kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ẹni tó jọ̀wọ́ okùn ní kíákíá jù yóò lúwẹ̀ẹ́ mítà mélòó kan. Ẹni tó pẹ́ jù yóò fi àyà gbá pákó èbúté. Kí olùwẹ̀yìn fa okùn wọlé kí ọkọ̀ tó yí padà.

Bí ẹnì kan bá farapa

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dojú bolẹ̀ nínú omi, kí ẹni tó wọ ẹ̀wù amúniléfòó wọlé lọ bá a, kí ó rọra yí i kí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí àti ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin ní ìlà kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ń mí, ẹ má sáré wọ́ ọ gun àkàbà. Ẹ gbé e léfòó bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn máa pe ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá mí, mímí ló ṣáájú ọrùn: ẹ gbé e jáde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ sì máa tẹ àyà rẹ̀.

Bí pròpẹ́là bá ge ẹnì kan, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ẹ má ṣe gbé ọwọ́ kúrò láti yẹ̀ ẹ́ wò títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gba inú aṣọ náà jáde, ẹ fi òmíràn lé e lórí.

Ti orí ni ó máa ń tan èèyàn jẹ. Onísíkì lè ṣubú, kí ó dìde, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì tún béèrè fún okùn. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí òní jẹ́ àti ibi tó wà. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ó bá bì, tàbí bí ó bá dákú bí ó ti wù kí ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ kéré tó, kò tún ní wọ omi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ. Ẹ fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀.